Wọ́n ní kókó inú ìfun mi kì í ṣe jẹjẹrẹ: ṣé dandan ni kí wọ́n yọ ọ́?

ÌBÉÈRÈ

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni mí ní Ìsánlú, ẹni ọdún 56. Ó ti lé ní ọdún méjì tí ẹ̀jẹ̀ ti ń bá ìgbọ̀nsẹ̀ mi jáde. Mo pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, mo ń mu àgbo. Nígbà tó yá, àárẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi, kí n rìn dé ìdí kòǹga lásán, màá ti máa mí hẹlẹ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, PCV (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára) jẹ́ 27. Ọmọ mi mú mi lọ sí Ìlọrin, wọ́n fi kámẹ́rà wo ìfun mi, wọ́n rí kókó kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 nísàlẹ̀ ìfun ńlá. Wọ́n ní ó jókòó pẹrẹsẹ, kò ní ẹsẹ̀. Wọ́n já díẹ̀ níbẹ̀ lọ sí láàbù. Èsì tó jáde ni 'tubulovillous adenoma, low-grade dysplasia'. Wọ́n ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ kí n padà wá kí wọ́n fi kámẹ́rà yọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní irin kì í kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀, pé tí irin bá kàn án, á bínú, á sì tàn ká inú. Ó ní òun mọ ẹni tó ń po àgbo rẹ̀. Tí kì í bá ṣe jẹjẹrẹ, kí ló dé tí wọ́n fẹ́ yọ ọ́? Báwo ni wọ́n ṣe ń yọ ọ́ láìla ikùn? Ṣé kí n lọ?"

ÌDÁHÙN

Òkun o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú àìsàn, ẹ sì kú àìbalẹ̀ ọkàn. Ọmọ Yàgbà ni èmi náà, iṣẹ́ kámẹ́rà inú ìfun yìí sì ni mo ń ṣe lójoojúmọ́. Èyí tí ẹ bi kẹ́yìn ni màá kọ́kọ́ dáhùn: ẹ lọ. Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i, ẹ má sọ ọ́ di ẹ̀yìn ìkórè iṣu. Inú mi ì bá dùn kí n jókòó tì yín kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín lójúkojú, àmọ́ níwọ̀n bí ó ti jẹ́ ìwé la fi ń sọ̀rọ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á, kí ẹ sì kà á sí ẹ̀gbọ́n yín létí.

Bí ẹ bá ti dúró rí níbi tí alápatà ti ń fọ ìfun màlúù, ẹ ó ti rí i pé awọ tó wà nínú lọ́hùn-ún, èyí tó ń yọ̀ bọ̀rọ́, ṣeé ṣí kúrò lára ẹran tó yi tó wà lóde. Bẹ́ẹ̀ ni ìfun tiwa náà rí. Awọ inú yẹn kì í gbó. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ti àtijọ́ á re, tuntun á ti hù dípò rẹ̀. Níbi tí ètò yẹn bá ti dàrú, tí tuntun ń hù ṣùgbọ́n tí ti àtijọ́ kò re mọ́, ibẹ̀ ni kókó ti ń gbérí. Òun ni láàbù ń pè ní adenoma. Gbogbo rẹ̀ ṣì wà nínú awọ inú yẹn. Kò tíì ya ilẹ̀ wọ ìpele tó tẹ̀ lé e, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀nà omi ara wà, àwọn tó lè gbé e dé ẹ̀dọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ fún yín pé kì í ṣe jẹjẹrẹ. Òtítọ́ ni wọ́n sọ.

Òtítọ́ mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Bíńtín tí wọ́n já lọ sí láàbù kò ju orí ìṣáná lọ, bẹ́ẹ̀ kókó náà fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdérí ìgò mínírà. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bu ẹ̀wà ẹ̀kúnwọ́ kan lójú àpò, tí kò rí kòkòrò. Èsì yín sọ pé níbi tí wọ́n já, jẹjẹrẹ kò sí níbẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa ibi tí wọn kò já. Láti mọ ohun tó wà nínú gbogbo rẹ̀, àfi ká yọ gbogbo rẹ̀, kí dókítà láàbù gé e wẹ́wẹ́ kó sì wò ó láti etí dé etí.

Láti ìgbà tí irú kókó yìí bá ti yọ títí yóò fi di jẹjẹrẹ, ó sábà máa ń tó ọdún 10, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú wọn kì í dé ibẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fojú wo kókó kan kó ní èyí ò ní yà. Ohun tí a mọ̀ ni àwọn àmì tó ń fi hàn pé ó ti rìn jìnnà: tó bá ti fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí láàbù bá rí ẹ̀yà villous nínú rẹ̀ (ìyẹn èyí tó ní jọ̀jọ̀ bí irun kápẹ́ẹ̀tì), tàbí tí wọ́n bá kọ high-grade sí i (ìyẹn pé ìrísí rẹ̀ ti dàrú púpọ̀; low-grade ni èyí tí kò tíì dàrú púpọ̀). Tiyín ní méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Low-grade tí wọ́n kọ ló jẹ́ ìròyìn ayọ̀, òun ló sì mú kí n máa sọ pé ẹ lọ nísinsìnyí tí ọ̀nà ṣì ṣí.

Ṣé yíyọ ọ́ ń dáàbò bo èèyàn lóòótọ́? Àwọn tó wádìí rẹ̀ dáadáa wà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tọ́pa èèyàn 1,418 tí wọ́n ti yọ irú kókó yìí kúrò lára wọn, wọ́n sì gbé àbájáde jáde ní 1993: jẹjẹrẹ ìfun ńlá tó yọ láàárín wọn fi 76% sí 90% dín sí iye tí wọ́n ń retí. Àwọn oníwàdìí náà tún padà wá ní 2012. Wọ́n wo èèyàn 2,602 tí wọ́n ti yọ adenoma wọn, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 16. Àwọn 12 ni jẹjẹrẹ ìfun ńlá pa, níbi tó ti yẹ kó pa èèyàn 25 láàárín ará ìlú tó jẹ́ ẹgbẹ́ wọn. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé lórí ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ. Ìwọ̀nba ni èyí tí a lè pàdé lójú ọ̀nà báyìí, kí a sì dá a padà kó tó wọlé.

Ọ̀rọ̀ irin tí ẹ̀gbọ́n yín sọ, mi ò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn, nítorí mo mọ ibi tí ó ti wá. Ohun tí àwọn èèyàn wa fojú rí ni wọ́n ń sọ. Wọ́n rí i pé ẹni tí wọ́n gbé lọ fún iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ kì í pẹ́ kó tó kú, wọ́n sì di ẹ̀bi ru ọ̀bẹ. Ọdún mélòó ló ti fi àìsàn náà jókòó nílé kó tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀bẹ? Wọn kì í ka ìyẹn mọ́ ọn.

Ó ṣẹlẹ̀ nílé wa. Àbúrò bàbá tó bí mi ni, àgbẹ̀ oníkaṣú. Ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ jáde. Ìgò àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kì í kúrò lójú fèrèsé yàrá rẹ̀, mo ṣì ń rí i lójú mi títí di òní: ìgò ńlá kan tí omi èèpo igi ti kun ìdí rẹ̀ di pupa dúdú tí kò ṣeé fọ̀ mọ́. Ó lọ sí ilé ìwòsàn kan lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n kọ ìpara àti tábúlẹ́ẹ̀tì jẹ̀díjẹ̀dí fún un. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó wọ ìbọ̀wọ́ kó fi ìka wo ìdí rẹ̀. Ọdún kẹrin ni mo wà nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn nígbà náà, èmi náà kò sì bi í ní ìbéèrè kan. Ìgbà tí ikùn rẹ̀ wú, tí kò lè yàgbẹ́ tí kò lè só, ni wọ́n tó là á. Ó ti dé ẹ̀dọ̀. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó kú, gbogbo ará ilé sì ní ọ̀bẹ ló pa á. Ẹ̀gbọ́n mi, ibi tí nǹkan náà wà, ìka ìfábẹ̀là dé e. Ìka lásán. Bí wọ́n bá ti wò ó lọ́dún àkọ́kọ́, bóyá kókó bíi tiyín ni wọn ì bá bá níbẹ̀.

Nítorí náà ẹ jẹ́ ká ya ohun méjì sọ́tọ̀. Jẹjẹrẹ tó ti tàn ká kí wọ́n tó là á, ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n yín mọ̀. Níbi tí èsì yín hàn dé, ohun tó wà nínú tiyín ṣì wà nínú awọ inú. Kò sí ọ̀nà tí yóò gbà tàn, nítorí kò tíì dé ibi tí ọ̀nà wà. Gígé rẹ̀ kò lè mú un bínú. Fífi í sílẹ̀ ló lè sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ń bẹ̀rù.

Àgbo náà ńkọ́? Mi ò bá àgbo jà, a mu ún dàgbà ni. Púpọ̀ nínú àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ń mú ìgbẹ́ rọ̀, ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń le yóò rí ìtura níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dá fún ọjọ́ mélòó kan, a ó sì rò pé ó ti san. Kókó tó ti hù kì í wọlé padà nítorí àgbo. A máa ń sọ pé àdùn ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, a sì ti fi orúkọ kan ṣoṣo yẹn bo oríṣiríṣi àìsàn mọ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó pupa yòò lè wá láti inú jẹ̀díjẹ̀dí lóòótọ́, ó sì lè wá láti ara kókó, tàbí láti ara jẹjẹrẹ. Àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ̀rí sì ni PCV yín. Ọkùnrin bíi yín yẹ kó ní nǹkan bí 40. Kí ó tó já sí 27, ẹ̀jẹ̀ ti ń ro tó-tó-tó níbi tí ẹ kò ti rí i. Gbogbo ọkùnrin tó ti lé ní 50 tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gbẹ láìnídìí, ìfun rẹ̀ la ń wò, ká tó máa kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ fún un ṣáá.

Àwa oníṣègùn náà jẹ̀bi níbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ àwọn àgbà wa ni pé jẹjẹrẹ ìfun ńlá kì í ṣe àìsàn aláwọ̀ dúdú. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ tó ti ṣiṣẹ́ ní Uganda, kọ ọ́ ní 1971 pé oúnjẹ wa tó kún fún èèpo àti ewé ló ń dáàbò bò wá. Bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Lónìí ó wà lára jẹjẹrẹ tó wọ́pọ̀ jù ní Nàìjíríà, dókítà tó bá sì ṣì ń fi ohun tó kà láyé ìgbà yẹn wo ẹni tó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, ewu ló fi ń ṣeré.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Kí ọdún 1969 tó dé, tí kókó bá ti jìnnà sókè nínú ìfun ńlá, ikùn ni wọ́n ń là, wọ́n á la ìfun, wọ́n á gé kókó, wọ́n á rán gbogbo rẹ̀ padà. Ọdún yẹn ni dókítà méjì ní New York, William Wolff àti Hiromi Shinya, fi wáyà gba inú kámẹ́rà gígùn kọjá, tí wọ́n sì fi gé kókó nínú ìfun ńlá láìfọwọ́ kan ikùn. Wáyà yẹn náà ni a ń lò títí dòní. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sóko mọ òjóbó tí wọ́n fi ń dẹ ọ̀kẹ́rẹ́: ẹran á ki orí bọ̀ ọ́, okùn á fún un. Òjóbó gan-an ni, àmọ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, iná mànàmáná díẹ̀ sì lè gba inú rẹ̀ kí ó lè gé kí ó sì dí ẹnu iṣan ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, ẹ ó ká orúnkún. Wọ́n á gún yín lábẹ́rẹ́ tó ń mú èèyàn tòògbé. Kì í ṣe oorun àsùnwọra ti iṣẹ́ abẹ ńlá, ẹ lè máa gbọ́ ohùn wọn lọ́ọ̀ọ́kán, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ kì í rántí nǹkan kan tí wọ́n bá jí. Kámẹ́rà náà jẹ́ ọ̀pá gígùn tó ń tẹ̀ síbí tẹ̀ sọ́hùn-ún, kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ. Iná àti ojú wà lẹ́nu rẹ̀, ihò tóóró kan sì gba inú rẹ̀ já, ibẹ̀ ni gbogbo irinṣẹ́ wa ń gbà. Gígé náà kò ní dùn yín. Awọ inú ìfun kò mọ abẹ, kò mọ iná. Fífẹ̀ nìkan ló mọ̀. Tí inú bá ń run yín, afẹ́fẹ́ tí wọ́n fẹ́ sínú ìfun kí ó lè là ló fà á. Ẹ wí, wọ́n á fà á jáde.

Kókó tó bá dúró lórí ẹsẹ̀ bí olú kì í fún wa níṣẹ́ púpọ̀: òjóbó lọ́rùn ẹsẹ̀, iná díẹ̀, ó já. Tiyín tó jókòó pẹrẹsẹ ló gba ọgbọ́n, nítorí ògiri ìfun kò nípọn ju mílímítà díẹ̀ lọ. Wọ́n á kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ fún omi iyọ̀ tí wọ́n pò mọ́ aró búlúù díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Kókó á gbéra, bí awọ ṣe ń lé ròrò tí epo gbígbóná bá ta síni lọ́wọ́. Omi yẹn ni tìmùtìmù wa. Ó gbé kókó jìnnà sí ẹran líle tó wà lóde, kí iná má bàa dé ọ̀hún, aró náà sì ń fi ààlà hàn wá.

Mo rántí ìyá kan tó ń ta gààrí ní Kàbbà. Kókó tirẹ̀ fẹ̀ ju tiyín lọ díẹ̀. Nígbà tí aró wọ abẹ́ rẹ̀, ó yọ gédégbé bí òkúta pupa láàárín adágún omi aró. Ègé mẹ́rin la gé e. Tí òjóbó bá ti fún, nọ́ọ̀sì tó ń fà á á ní "ó ti mú," màá fi ẹsẹ̀ tẹ iná, èéfín funfun bíńtín á rú, ègé kan á jábọ́. Lẹ́yìn ẹ̀kẹrin, ohun tó kù lójú ibẹ̀ ni ilẹ̀ búlúù mímọ́ kan, etí rẹ̀ funfun bí etí ẹyin díndín. Mo fi orí wáyà jó etí náà yíká, mo fi omi fọ̀ ọ́, mo wò ó, mo tún wò ó. Ìyá lajú, ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni?" Mo ní, "A ti parí, Ìyá." Ó gbá ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí a fi gbé e dé yàrá ìsinmi.

Etí tí mo ní mo jó yẹn, ẹ bi dókítà yín nípa rẹ̀. Kókó tí wọ́n bá gé ní ègé-ègé lè tún hù láti etí. Àwọn oníṣègùn ní Ọsirélíà fi hàn ní 2019 pé tí wọ́n bá jó etí náà, iye àwọn tó tún hù lára wọn já láti 21% sí 5%. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan ni, wáyà kan náà sì ni wọ́n ń lò.

Nígbà míì, wọ́n á fún omi náà sí i, kókó kò ní gbéra. Ó lè jẹ́ àpá ibi tí wọ́n já tẹ́lẹ̀ ló dì í mú, ó sì lè jẹ́ pé ó ti ta gbòǹgbò sísàlẹ̀. Tí wọ́n bá dúró níbẹ̀, tí wọ́n ní àwọn ò gé e mọ́, ẹ má bínú sí wọn. Ọlọ́gbọ́n ni wọ́n. Ó lè wá kan iṣẹ́ abẹ, tàbí ọ̀nà tí àwọn ará Japan dá sílẹ̀, tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ kékeré ṣí gbogbo rẹ̀ lódindi láti abẹ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún já a wò lẹ́ẹ̀kejì ṣáájú ọjọ́ gígé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ ti yọ irú èyí tó pẹrẹsẹ rí?" Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ìwọ̀sí. Tí wọ́n bá ní rárá, ẹ gba lẹ́tà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí UCH ní Ìbàdàn.

Ìmúrasílẹ̀ ni iṣẹ́ tiyín, òun ló sì ń ba nǹkan jẹ́ jù. Ìfun tí kò mọ́, a kò lè fi iná kàn án. Láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ẹ fi ẹ̀wà, àgbàdo, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí, ẹ̀fọ́ àti ọsàn tòun ti pòròpórò sílẹ̀. Ìrẹsì funfun, búrẹ́dì, ẹja àti ẹyin dára. Ọjọ́ tó ku ọ̀la, omi tó mọ́ gaara nìkan: omi, tíì tí kò ní mílíìkì, omi ọbẹ̀ ẹran tí wọ́n sẹ́. Ẹ̀kọ mímu kò sí lára rẹ̀, kúnù kò sí lára rẹ̀, zobo sì ni kí ẹ sá fún jù, nítorí ó ń kun ìfun bí ẹ̀jẹ̀. Tí wọ́n bá ń fún yín ní tábúlẹ́ẹ̀tì ẹ̀jẹ̀, ẹ dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ó ń sọ ìgbẹ́ di dúdú tí ń lẹ̀ mọ́ ògiri ìfun. Àgbo náà, ẹ dá a dúró, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ ti ń mu ún. Tí ẹ bá ń lo oògùn tí ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn, bíi warfarin tàbí clopidogrel, ẹ má dá a dúró fúnra yín, dókítà ni yóò sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é.

Oògùn tó ń fọ ìfun, ẹ ó pín in sí méjì: ìdajì lálẹ́, ìdajì ní nǹkan bí wákàtí márùn-ún kí wọ́n tó ṣe é. Ẹ ó mọ̀ pé ó ti tó nígbà tí ohun tó ń jáde bá rí bí ìtọ̀, tí ẹ lè rí ìsàlẹ̀ àwo nínú rẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ oògùn náà. Mannitol kò dára fún ọjọ́ tí wọ́n máa fi iná gé nǹkan, nítorí ó máa ń di gáàsì nínú ìfun, gáàsì yẹn sì lè gbiná. Kí wọ́n fún yín ní èyí tó jẹ́ polyethylene glycol.

Gbogbo èyí kò ṣeé ṣe lójú ọ̀nà. Láti Ìsánlú, gba Ẹ̀gbẹ̀, gba Ẹ̀rúkù àti Òmù-Àrán kí ẹ tó wọ Ìlọrin, ibo ni ẹ ó ti máa sọ̀kalẹ̀ yàgbẹ́? Ẹ lọ sùn sọ́dọ̀ ẹbí ní Ìlọrin lọ́jọ́ tó ṣáájú, nílé tó ní omi àti ilé ìgbẹ́ tí ẹ kò ní máa bá èèyàn tò fún. Kí ọmọ yín tẹ̀ lé yín. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta sí i kí ẹ tó wá sílé. Ìdí tí mo fi sọ ìyẹn ni ewu tó wà níbẹ̀, tí mi ò ní fi pamọ́ fún yín.

Nínú 100 èèyàn tí wọ́n yọ kókó ńlá pẹrẹsẹ báyìí lára wọn, bíi 5 sí 7 ló lè rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, títí dé ọ̀sẹ̀ méjì. Púpọ̀ máa ń dá fúnra rẹ̀, àwọn míì á padà sídìí kámẹ́rà kí wọ́n fi irin kékeré bíi kílíìpù há a. Ẹnì kan tàbí méjì nínú 100 ni ìfun rẹ̀ lè lu. Tí wọ́n bá rí i lójú ẹsẹ̀, wọ́n sábà máa ń fi kílíìpù kan náà pa á dé, nígbà míì ó lè gba iṣẹ́ abẹ. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya bí omi tàbí tó ń dì, tí òòyì ń kọ́ yín, tí ikùn le gbandi tàbí tó ń ro yín gan-an, tí ibà dé, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, lóru tàbí lọ́sàn-án. Ẹ má mu àgbo sí i, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má kọ ebè, ẹ má gbé àpò. Iyán, ẹ lè padà sídìí rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Ibi tí ọkàn mi ti máa ń gbọgbẹ́ jù rèé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí i. Wọ́n á yọ kókó tán, gbogbo ilé á dúpẹ́, ìgò tí ègé wà nínú rẹ̀ á sì wà nínú báàgì ẹnì kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti rí èyí tí wọ́n dà sínú ike omi, tó ti jẹrà. Kí gbogbo ègé, láìku ọ̀kan, wọ inú formalin (omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran ara jẹrà) ní yàrá náà gan-an, kí orúkọ yín wà lára ìgò, kó dé láàbù lọ́jọ́ náà. Ẹ bi wọ́n ní iye owó láàbù kí ọjọ́ tó pé, kí ó wà nínú ìṣírò yín láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àìrí owó yẹn ló ń mú káwọn èèyàn fi ìgò sílẹ̀. Tí èsì bá ní adenoma ni jálẹ̀jálẹ̀, ó tán. Tó bá ní òun rí jẹjẹrẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn náà lè má ju ohun tí a ti yọ lọ: tí kò bá wọ ìpele kejì ju mílímítà 1 lọ, tí kò wọ iṣan, tí etí ibi tí wọ́n gé mọ́, tí irú rẹ̀ kò sì burú, ó ṣeé ṣe kí gígé yẹn ti tó. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á gé ibi ìfun yẹn kúrò, ní àsìkò tí iṣẹ́ abẹ ṣì ń woni sàn. Ìwé láàbù yẹn ló máa sọ, ẹlòmíì kò lè sọ ọ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ ó padà kí wọ́n wo ojú ibẹ̀. Tó bá mọ́, ó di lẹ́yìn ọdún kan, lẹ́yìn náà ọdún mẹ́ta. Ẹ kọ oṣù náà sára ìwé kàlẹ́ńdà ilé, kí ọmọ yín náà kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀.

Ó ku ẹ̀gbọ́n yín. Irú kókó tó tóbi tó sì ní villous báyìí kì í ṣe ọ̀ràn ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí. Àwọn ọmọ ìyá àti bàbá yín, àti àwọn ọmọ tí ẹ bí, ó yẹ kí wọ́n fi kámẹ́rà wo ìfun wọn bí wọ́n bá ti pé ọdún 40, yálà wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ tàbí wọn kò rí i. Ẹ̀gbọ́n yín ti kọjá 40 tipẹ́. Tí ẹ bá ń wọkọ̀ ní Ìsánlú lọ́jọ́ náà, ẹ sọ fún un pé ìjókòó rẹ̀ wà níbẹ̀. Kó jókòó síta yàrá náà dè yín, kí ó fojú ara rẹ̀ rí yín tí ẹ ń rìn jáde, kí wọ́n sì fún òun náà ní ọjọ́ tirẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.